Ẹ Múra Láti Dáhùn: Àwọn Ìbéèrè Líle Nípa Ìgbàgbọ́ Wa àti Bíbélì Mímọ́

Ẹ̀kọ́ Bíbélì fún kíláàsì àwọn àgbà àti ti àwọn ọ̀dọ́, Fidjrossè, Cotonou

Ibi Kíkà: 1 Pétérù 3:13–16, Jòhánù 9:1–7, Jóòbù 42:7–9

Kókó Ẹ̀kọ́: Kí a máa fi gbogbo Bíbélì dáhùn, kì í ṣe ẹsẹ kan ṣoṣo. Ibi tí Bíbélì bá dákẹ́ sí, kí àwa náà mọ bí a ti í dákẹ́.



Àwọn bàbá wa ní abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ púpọ̀, ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń wò bí ẹni tí kò ní ìgbàgbọ́. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Wòlíì Hábákúkù bi Ọlọ́run fúnra rẹ̀ léèrè ìdí tí òun fi ń ké tí kò sì gbọ́. Tọ́másì ní àfi bí òun bá fi ọwọ́ kan àpá náà. Olúwa kò lé e jáde. Ó na ọwọ́ sí i (Jòhánù 20:27).

Àwa tí a ń gbé Fidjrossè mọ̀ pé àdúgbò wa kì í ṣe ti ẹlẹ́sìn kan. Nínú agboolé kan náà, Kátólíkà wà, Mùsùlùmí wà, ẹni tó ń bọ Vodun wà, ọmọ sùkúù tó ní òun kò gba nǹkan kan gbọ́ náà wà níbẹ̀. Bí a bá wọ sùtánà wa tí a forí lé etí òkun, wọn a bi wá pé, "Bàtà yín dà?" Ìyẹn kò le, Ẹ́kísódù 3:5 ti dá wọn lóhùn. Àwọn ìbéèrè tó le gan-an ni a kó jọ sínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé àwọn ọmọ wa ń gbọ́ wọn lójoojúmọ́. Bí a kò bá dá wọn lóhùn nílé, ìta ni wọn yóò ti gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ kíyè sí 1 Pétérù 3:15. Nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀: kí a wà ní ìmúrasílẹ̀, kí a sọ ìdí ìrètí wa, kí a sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà tútù àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ wa mọ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta la máa ń gbàgbé. Ẹni tó fi ariwo borí aládùúgbò rẹ̀ nínú àríyànjiyàn kò tíì jèrè ọkàn kankan.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: Níbo ni Kéènì ti rí aya fẹ́?

Ìbéèrè yìí ló gbajúmọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù. Ẹni tó bá dúró ní Jẹ́nẹ́sísì 4:17 yóò rò pé kò sí ìdáhùn. Kí ó ṣí ìwé síwájú díẹ̀, yóò rí i ní Jẹ́nẹ́sísì 5:4 pé Ádámù bí àwọn ọmọkùnrin àti àwọn ọmọbìnrin mìíràn. Nínú ìdílé kan náà ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Òfin tó sọ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ di èèwọ̀ kò tíì dé, ìgbà ayé Mósè ló dé (Léfítíkù 18). Sárà pàápàá, ọmọ bàbá kan náà ni òun àti Ábúráhámù (Jẹ́nẹ́sísì 20:12).

Orúkọ aya Kéènì ńkọ́? Bíbélì kò sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá ní òun rí orúkọ náà lójú ìran, ẹ jẹ́ kó fi í sí àpò ara rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: Ṣé Bíbélì kò ta ko ara rẹ̀?

Àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń mú wá ni ikú Júdásì. Mátíù 27:5 sọ pé ó pokùnso. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 1:18 sọ pé ó ṣubú, ikùn rẹ̀ sì bẹ́. Mátíù ní àwọn olórí àlùfáà ló ra ilẹ̀ náà; Ìṣe ní Júdásì ló ni ín. Àwọn olùkọ́ púpọ̀ ti sọ pé ó so, lẹ́yìn náà ni òkú rẹ̀ já bọ́. Pé owó rẹ̀ ni wọ́n fi ra ilẹ̀ náà, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ kà á sí tirẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí a máa sọ fún ènìyàn pé àlàyé nìyẹn, Bíbélì fúnra rẹ̀ kò so ìtàn méjèèjì pọ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì fi ẹnu kò sí ni pé owó ọ̀dàlẹ̀ ni, pé ikú burúkú ló kú, àti pé Ilẹ̀ Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pe ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn obìnrin tó lọ sí ibojì. Jòhánù dárúkọ Màríà Magidalénì nìkan, Mátíù dárúkọ méjì, Máàkù mẹ́ta, Lúùkù ní wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo Jòhánù 20:2 dáadáa: nígbà tí Màríà ń ròyìn fún Pétérù, "àwa" ló pe ara rẹ̀, kò pe ara rẹ̀ ní "èmi". Kò dá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ni Jòhánù dárúkọ.

Bí sémíjàn méjì bá forí gbárí ní ìkòríta, tí ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìyàtọ̀ ní ẹyọ kan, adájọ́ yóò fura pé wọ́n ti jọ pètepèrò. Àwọn tó kó ìwé Ìhìnrere mẹ́rin jọ rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra, wọn kò sì fi ọ̀bẹ gé e dọ́gba.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: Wọ́n ní wọ́n ti yí Bíbélì padà.

Àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí ló sábà máa ń sọ èyí, ẹ má ṣe bínú sí wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a lè fi ojú rí.

Ní nǹkan bí ọdún 1947, ọdún kan náà tí Wòlíì S.B.J. Oshoffa dá ìjọ sílẹ̀ ní Porto-Novo, àwọn darandaran rí ìwé kíká àtijọ́ nínú ihò àpáta kan ní Qumran, lẹ́bàá Òkun Iyọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ìwé Aísáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ti kọ ọ́ kí a tó bí Jésù ní ohun tó lé ní 100 ọdún. Kí wọ́n tó rí i, àwọn odidi ìwé Aísáyà ní èdè Hébérù tí àwọn onímọ̀ ní lọ́wọ́ kéré sí i lọ́jọ́ orí ní nǹkan bí 1,000 ọdún. Nígbà tí wọ́n gbé wọn kalẹ̀ fi wé ara wọn, wọ́n rí ìyàtọ̀ púpọ̀ nínú bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀, àti ọ̀rọ̀ kan tó kù díbí kan, tó lé lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n Aísáyà kan náà ni. Orí 53, èyí tó sọ nípa ìránṣẹ́ Olúwa tó jìyà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, wà níbẹ̀ digbí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi wá pé, "Ṣé ọwọ́ adàwékọ kò ṣe àṣìṣe rí?" kí a sọ òtítọ́: ó ṣe é. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ìwé, kò sí ẹ̀rọ nígbà náà. Àpẹẹrẹ kan wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Máàkù 16:9–20, níbi tí a ti ń ka ọ̀rọ̀ àmì tí yóò máa tẹ̀lé àwọn tó gbàgbọ́, kò sí nínú ìwé Máàkù méjì tó lọ́jọ́ orí jù nínú odidi Bíbélì èdè Gíríìkì, àwọn tí wọ́n kọ ní ọ̀rúndún kẹrin. Bíbélì púpọ̀ tí a ń tẹ̀ lóde òní máa ń fi àmì sí ibẹ̀ kí òǹkàwé lè mọ̀. Kí ọkàn wa má ṣe dàrú nítorí èyí. Ẹni tó fẹ́ fi nǹkan pamọ́ kì í fi àmì sí i. Àjíǹde Olúwa wà ní 1 Kọ́ríńtì 15:3–8, àdúrà fún aláìsàn sì wà ní Jákọ́bù 5:14. Ìgbàgbọ́ wa kò dúró lórí ẹsẹ̀ kan.

ÌBÉÈRÈ KẸRIN: Ṣé kì í ṣe ìwé òyìnbó tó kó wa lẹ́rú ni?

Ìbéèrè yìí ń dun àwọn ọ̀dọ́ wa, ó sì tọ́ kó dùn wọ́n. Ọ̀nà àwọn apẹja tí a ń gbà láti Fidjrossè, òun náà ló lọ títí dé etí òkun Ouidah, níbi tí wọ́n kọ́ Ẹnubodè Àìpadàbọ̀ sí ní ọdún 1995 ní ìrántí àwọn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá wà lára wọn. Bí ọmọ bá ti ibẹ̀ dé tó wá bi bàbá rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ̀sìn àwọn tó rà wá lẹ ń ṣe?" kí bàbá má ṣe jágbe mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ohun tó jẹ́ òtítọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ènìyàn ló ń pe ara wọn ní Kristẹni. Odi tí àwọn Potogí kọ́ sí Ouidah ní ọdún 1721, orúkọ Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn ọba ilẹ̀ wa náà lọ́wọ́ nínú òwò náà. A kò sì ní sẹ́ pé òfin Mósè fi àyè gba níní ẹrú, tàbí pé Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ẹrú pé kí wọ́n gbọ́ràn sí olówó wọn lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a ka ìyókù. Ẹ́kísódù 21:16 ní ikú ni ẹ̀san ẹni tó bá jí ènìyàn gbé, ìbáà tà á, ìbáà sì ká a mọ́ ọn lọ́wọ́. 1 Tímótì 1:10 ka àwọn ajínigbé mọ́ àwọn apànìyàn. Nínú lẹ́tà sí Fílémónì, Pọ́ọ̀lù ní kó gba Ónésímù padà, kó má kà á sí ẹrú mọ́, kó kà á sí arákùnrin ọ̀wọ́n. Bí àwọn tó wà ní Ouidah bá ti tẹ̀ lé Ẹ́kísódù 21:16 nìkan, ọkọ̀ òkun kankan kì bá tí gbé ọmọ wa kúrò níbẹ̀.

Ẹ sì gbọ́ èyí. Ní ọdún 1807, wọ́n tẹ Bíbélì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ẹrú tó wà ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Wọ́n yọ nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá Májẹ̀mú Láéláé kúrò níbẹ̀, àti nǹkan bí ìdajì Májẹ̀mú Tuntun. Wọ́n yọ ìtàn bí Ọlọ́run ṣe kó Ísírẹ́lì jáde kúrò lóko ẹrú ní Íjíbítì. Wọ́n fi ẹsẹ tó ní kí ẹrú gbọ́ràn sílẹ̀. Kí nìdí? Wọ́n mọ̀ pé bí ẹrú bá ka odidi ìwé náà, yóò mọ̀ pé Ọlọ́run wà lẹ́yìn òun. Ìwé tí wọ́n ní láti gé kí ó tó lè wúlò fún wọn, báwo ló ṣe jẹ́ tiwọn?

Kì í sì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ gbà á. Símónì ará Kírénè, ní ilẹ̀ Líbíà òní, ló bá Olúwa ru àgbélébùú (Máàkù 15:21). Ìwẹ̀fà ará Etiópíà ń ka Aísáyà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ kí Pọ́ọ̀lù tó di ọmọlẹ́yìn (Ìṣe 8). Ezana, ọba Aksum ní ilẹ̀ Etiópíà, di Kristẹni ní ọ̀rúndún kẹrin.

Tiwa ńkọ́? Ẹni tó ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ẹrú ni òun náà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1821 ni wọ́n mú Àjàyí ní Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e dé Sàró ní ọdún 1822. Ní ọdún 1846 ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọdún 1850 ni wọ́n tẹ ìwé Róòmù tó túmọ̀ jáde. Ní ọdún 1864 ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Iṣẹ́ náà, tí àwọn mìíràn bá a ṣe, parí di odidi Bíbélì Yorùbá ní ọdún 1884. Nítorí náà, bí ọmọ rẹ bá bi ọ́ bóyá ìwé àwọn tó rà wá ni, sọ fún un pé ọwọ́ ẹni tí wọ́n tà ló fi lé wa lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ KARÙN-ÚN: A gbàdúrà, a gbààwẹ̀, ọmọ náà sì kú. Kí ló dé?

Èyí ló le jù nínú gbogbo wọn. Èyí tó kù, orí ni wọ́n fi ń béèrè wọn; èyí, omijé ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀.

Ìyá kan gbé ọmọ wá sí ilé àdúrà. Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n ya omi sí mímọ́, ọjọ́ méje pé, ọmọ náà sì lọ. Bí ìyá náà ti ń nu ojú, ẹnì kan ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Ẹlòmíràn ní ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tó fi pamọ́. Ẹ̀kẹta tún wá rí ìran pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ayé pa á. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, obìnrin yìí pàdánù ọmọ, ó pàdánù àlàáfíà ọkàn, ilé ọkọ rẹ̀ sì dàrú. Ẹ̀yin ará, ṣé ohun tí Bíbélì kọ́ wa nìyẹn?

Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Olúwa pé ta ló dẹ́ṣẹ̀ tí ọkùnrin kan fi fọ́jú láti inú ìyá rẹ̀ wá, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Olúwa ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀ (Jòhánù 9:3). Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa ènìyàn 18, ó ní wọn kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn tó kù ní Jerúsálẹ́mù lọ (Lúùkù 13:4–5). Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Ní ìparí, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí (Jóòbù 42:7). Ohun rere kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: wọ́n bá a jókòó nílẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀ (Jóòbù 2:13). Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bàjẹ́.

Ṣé àìnígbàgbọ́ ló ń fa àìsàn? Èlíṣà jí òkú dìde, síbẹ̀ àìsàn ló pa á (2 Ọba 13:14). Pọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń mú aṣọ ara rẹ̀ lọ bá aláìsàn, fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn (2 Tímótì 4:20). Ta ni yóò sọ pé ìgbàgbọ́ Pọ́ọ̀lù kò tó?

Ẹnì kan yóò mú ọ̀rọ̀ Dáfídì wá (2 Sámúẹ́lì 12), pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló mú kí ọmọ náà kú. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló rán Nátánì sí i. Ẹni tí Ọlọ́run kò rán, kí ó má ṣe sọ ara rẹ̀ di Nátánì sórí òkú ọmọ ọlọ́mọ. 1 Tẹsalóníkà 5:20–21 ní kí a má ṣe kẹ́gàn àsọtẹ́lẹ̀, ó sì ní kí a dán ohun gbogbo wò. Ìran tó ń sọ ìyá arúgbó di àjẹ́, tó ń tú ilé ká, ẹ̀rí wo ló tẹ̀ lé e?

Kí a má sì ṣe fi àdúrà dá ọ̀nà ọsibítù. Aísáyà jíṣẹ́ fún Hesekáyà pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ̀, òun náà ló sì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo náà (2 Ọba 20:5–7). Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni (Kólósè 4:14). Bí ara ọmọ bá gbóná, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí o sì máa gbàdúrà bí o ti ń lọ. Kò sí ìjà láàárín méjèèjì.

Kí wá ni ìdáhùn fún ìyá yẹn? A lè sọ fún un pé Olúwa sunkún lẹ́nu ibojì Lásárù, bó tilẹ̀ mọ̀ pé òun máa jí i (Jòhánù 11:35). A lè sọ fún un pé Bíbélì fún un láyè láti ké: Sáàmù 88 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe, inú òkùnkùn ló sì parí sí, síbẹ̀ wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àdúrà Ísírẹ́lì. A lè sọ ìrètí àjíǹde fún un. Ṣùgbọ́n bó bá bi wá pé, "Èéṣe tó fi jẹ́ ọmọ tèmi?" ìdáhùn wa ni Diutarónómì 29:29: ohun ìkọ̀kọ̀, ti Olúwa ni. A kò mọ̀. Kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kí a gbé oúnjẹ dání lọ kí i, kí a bá a fọ aṣọ, kí a sì tún padà lọ lẹ́yìn tí àwọn èrò bá ti túká. Ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ ìjọ nìyẹn.

ÌPARÍ Ẹ̀KỌ́

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe gbogbo ìbéèrè la ní ìdáhùn sí, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ní apá kan la mọ̀ (1 Kọ́ríńtì 13:12). Ibi tí a bá mọ̀, kí a sọ ọ́ gbangba. Ibi tí a kò bá mọ̀, kí a má ṣe fi irọ́ gbe Ọlọ́run lẹ́sẹ̀. Kò bẹ̀ wá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ (Jóòbù 13:7).

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni nǹkan mẹ́ta tí 1 Pétérù 3:15 ní kí a ṣe? Èwo ló nira fún ọ jù?
2. Báwo ni ìwọ yóò ṣe dá ọmọ rẹ tó ti Ouidah dé lóhùn? Lo Ẹ́kísódù 21:16 àti Fílémónì ẹsẹ 16.
3. Kí ni iyàtọ̀ tó wà láàárín Nátánì àti àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù?
4. Ta ni ń ṣọ̀fọ̀ nínú ìjọ yìí tí a kò tíì padà lọ kí?

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀: Kí olúkúlùkù ka lẹ́tà sí Fílémónì tán ní ìjókòó kan. Kò ju orí kan lọ.

ÀDÚRÀ: Olúwa Ọlọ́run wa, fún wa ní ọgbọ́n láti dáhùn, àti ọgbọ́n láti dákẹ́. Tu àwọn tó ń sunkún nínú. Má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wa dá kún ọgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Nípa Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.